Ògiri Ilé Wa Ti Lọ sí Mẹ́kà

Ṣásílì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń gbé ilé yín láti ìsàlẹ̀ títí dé àjà kẹsàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín tí mo ń kí wọn láràárọ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dá mi lóhùn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú títì. Kò ní jẹ́ kí táyà bọ́ọ̀sì rẹ bẹ́ nígbà tí àwọn àlejò bá kún inú rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Ẹfọ̀n wa tí a ń fún wàrà rẹ̀ náà dára, ó ti bímọ, abo ló bí.

Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí fóònù tí o rà fún mi lóhùn bíi ti oníwàásù. Bí o bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ń gé ìrèké lódì kejì omi á gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àwọn agéèrèké. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo máa ń pa á kó lè sinmi. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń sọ fún àwọn tó bá pè mí pé n kò sí nítòsí, ìyá rẹ sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ta ni obìnrin náà. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ṣe bí ẹni tó gbà. Bàsyúnì tó ń kó tòmátì lọ sí Káírò ni màá fi lẹ́tà yìí rán, má ṣe jẹ́ kó mu ju ife tíì kan lọ lọ́dọ̀ rẹ, oorun kì í jẹ́ kó wakọ̀ dáadáa, tíì kì í sì í jẹ́ kó sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé pọ̀. O mọ apá kan, ìyá rẹ mọ apá kan, èmi nìkan ni mo mọ méjèèjì, nítorí náà màá tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o ránṣẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ní Káírò tó ń kó èèyàn lọ sí Mẹ́kà ní àyè díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, pé kí n gbé àpò mi máa bọ̀, o mọ bí mo ṣe kúrò níbí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú bó ṣe yẹ ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ Kináwì pàápàá, tí a ti ń bára wa jà lórí omi oko láti ìgbà tí baba rẹ̀ wà láyé. Ó forí jì mí. Mo forí jì í. Gbogbo wa sunkún, mo wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ní Káírò, wọ́n ní àwọn tó fẹ́ lọ pọ̀ ju àyè lọ, pé ẹ̀rọ ni yóò mú ẹni tó máa lọ. Wọ́n da orúkọ wa sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mú mi. Inú bí ọ, o ń pariwo ní títì. Inú kò bí mi. Ẹ̀rọ ará Káírò ni, ibo ni yóò ti mọ èmi tí mo wá láti apá ìwọ̀-oòrùn odò ní Lúsọ̀? A kò fojú kanra rí. Mo kàn ní kí o jẹ́ kí n sinmi lọ́dọ̀ rẹ títí ojú mi á fi lè gba ilé, o sì ní kí n kúkú dúró jẹ ọdún iléyá. O rò pé èmi ti sọ fún ìyá rẹ. Èmi rò pé ìwọ ti sọ fún un. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dúró láàárín àwa méjèèjì nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó gbé e délé.

Ìgbà yẹn lo wá ń gbé mi káàkiri bí o ṣe ń gbé àwọn òyìnbó. Mo dúpẹ́, mo rí i gbogbo. Mo rí pírámíìdì. Ó ga. Àwa tí a ń gbé láàárín ibojì àwọn ọba mọ ibojì tí a bá rí i, èmi ò sì fẹ́ kí èyí já sí ìbínú fún àwọn ará ibẹ̀, àmọ́ àwọn tiwa sin ọba wọn sínú òkè kí olè wá wọn títí kó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ti Káírò kó òkúta lérí ara wọn kí olè lè rí i láti òkèèrè. Àwọn ará Káírò kò mọ àṣírí bò láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Ọkùnrin oníràkúnmí tó ní kí n gun ràkúnmí òun, tó ní owó òyìnbó lòun ń gbà, mo sọ fún un pé mo ní ẹfọ̀n nílé.

Mo rí ògiri tó ń fún èèyàn lówó. O ki káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó pọ owó fún ọ. Mo ní kí ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má ṣe ro ó, o ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ bó ṣe ń kà á. Mo rí yàrá kékeré inú ilé yín, tí a wọ̀, tí ilẹ̀kùn pa dé, tí a kò rìn, tí a kò gun àtẹ̀gùn, tó sì jẹ́ pé nígbà tó ṣí, wọ́n ti gbé ìta tí a fi sílẹ̀ lọ, wọ́n ti gbé òmíràn síbẹ̀. N kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo rí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Níbí, àwọn òkú ló ń wà nísàlẹ̀, wọn kì í sì í kánjú tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn òkú ọba àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ sínú gíláàsì nìkan ni n kò lè gbàgbé. O ní orí òkè tiwa níbí ni wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Mo wo ọ̀kan títí, imú rẹ̀ jọ ti Kináwì. Mo kí i, mo ní, ẹ kú àtijọ́, ẹ ti pẹ́ kúrò nílé. O ní kí n má sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Lẹ́yìn náà lo wá sọ fún mi pé ọba yẹn lọ sógun kan, pé kò ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀, wọn kò sì ṣẹ́gun rẹ̀, ó darí wálé, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri pé òun nìkan ló pa gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ògiri náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrèké wa, gbogbo ayé mi ni mo fi ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí ti lọ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ. Bóyá ẹsẹ̀ ni òtítọ́ fi ń rìn. Mo rẹ́rìn-ín dé ilé yín lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì ni o mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo wọ jàlàbíà funfun tí o rà fún mi, mo dúró lẹ́bàá ọgbà wáyà, o ya fọ́tò mi, ọkọ̀ òfuurufú ńlá wà lẹ́yìn mi. O fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ Fàhímà, obìnrin tí ilé rẹ̀ kan tiwa, pé kí ìyá rẹ lè rí i pé ara mi le. Ó rí i. Ó rí aṣọ funfun, ó rí ọkọ̀ òfuurufú, oṣù tí àwọn èèyàn ń lọ ni, ó pè mí, obìnrin inú fóònù ní n kò sí nítòsí. Kí ni ìwọ ìbá rò?

O sì mọ bó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kun àwòrán ìrìn àjò náà sára ògiri ilé, kó sì ti gbẹ, kí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà tó dé. Ìyá rẹ kó gbogbo pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ lọ tà. Ó pe Àyáàdì akùnlé. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni Àyáàdì, àmọ́ ní gbogbo agbègbè yìí kò sẹ́ni tó mọ Káábà kùn bíi tirẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí mo dé orígun ilé wa, àwọn ọmọdé ti ń sáré bọ̀, wọ́n ń pè mí ní Àlàájì. Mo gbójú sókè. Ọkọ̀ òfuurufú wà lára ògiri. Ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú wà níbẹ̀, nítorí bàbá Àyáàdì máa ń kùn ún láyé ìgbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ omi lọ sí Mẹ́kà, òun náà kò sì lè fi í sílẹ̀. Káábà wà láàárín, dúdú kirikiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin aláṣọ funfun kan gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, irunmú mi gan-an ló wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé Àlàájì Hasabálà lọ, ó jọ́sìn, kí Ọlọ́run gbà á. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú rẹ̀ tuntun, ó ń wò mí bí ìgbà tí mo wá fẹ́ ẹ. N kò lè sọ ọ́. Èèyàn ti kún inú ilé, ṣérébẹ́ẹ̀tì, omi àdídùn ayẹyẹ, ti wà nínú ife.

Mo ní kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, màá sọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, n kò sọ ọ́. Imáàmù fún mi láyè ní sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ nínú mọ́sálásí. Kináwì ní kí n kọ́kọ́ bomi soko kí tòun tó tẹ̀ lé e. Mo bomi soko. Mo ń sọ fún ọ kí o lè mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́.

Ìgbà tó yá, Fàhímà wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lọ́sibítù ní òdì kejì odò, àyà ló ń dùn ún, wọn kò sì tíì sọ fún un bóyá yóò yè. Àwọn aládùúgbò jókòó, ìyá rẹ gbé tíì dání. Fàhímà mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé e lé ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ọwọ́ yìí ti kan Òkúta Dúdú ara Káábà. Àlàájì, bá mi gbé e sókè fún ọmọ mi."

Ṣásílì, ohun tí ọwọ́ náà kàn kò ju irin ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, pé n kò kọjá Káírò, pé ẹ̀rọ kò mú mi, pé wáyà wà láàárín èmi àti ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá rẹ gbé àwo tíì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Fàhímà kò ju ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, "Gbé e sókè bẹ́ẹ̀ náà. Ọwọ́ tó wà nílé nìyẹn." Mo gbé e sókè, mo ṣàdúrà, mo sì ń sunkún. Ọmọ náà ṣì wà lọ́sibítù, àmọ́ wọ́n ní ó ti ń jẹ ẹ̀wà.

Odindi ọjọ́ kan ni ìyá rẹ kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ògiri ńkọ́? A pe Àyáàdì pé kó wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ní rárá o, òun kò ní fi ẹfun bo Káábà, bí òun tí òun jẹ́ onígbàgbọ́ bá kọ̀ ọ́, mùsùlùmí wo ni yóò ṣe é? A wò ó, òótọ́ ló sọ. Ó wá ha èmi nìkan kúrò, ó ha orúkọ mi náà. Àyè funfun kan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káábà báyìí, ó rí bí èèyàn tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kináwì kọjá, ó ní ilé ti lọ sí Mẹ́kà, onílé ló kù. Ó sì ti gba omi rẹ̀ padà.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá mo jáde láti já koríko fún ẹfọ̀n. Mo bá ìyá rẹ níwájú ògiri. Ó fi ẹ̀yìn tì í, ní ibi àyè yẹn gan-an, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó bá a mu. Mo padà sínú ilé, mo wúkọ́ bí mo ṣe tún ń jáde kó lè gbọ́ mi.

Láti ìgbà tí a ti ń fi owó pa mọ́ fún ìrìn àjò yìí, orúkọ mi la máa ń dá, kò sẹ́ni tó bi í bóyá òun náà fẹ́ lọ. Ibi tó jìnnà jù tó dé láyé ni ìgboro Lúsọ̀ ní òdì kejì odò, nígbà tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ta pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ kí wọ́n lè kùn mí. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rọ lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó ránṣẹ́. Kọ́kọ́ fi èyí tí a ó fi ra pẹ́pẹ́yẹ mìíràn ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀, wọ́n ti wọ́n. Èyí tó bá kù, fi í pa mọ́ lọ́dọ̀ ògiri rẹ tó ń fúnni lówó. Nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ da orúkọ sínú ẹ̀rọ lọ́dún tó ń bọ̀, Zanúbà ìyá rẹ ni kí o da sí i. Má da tèmi pọ̀ mọ́ ọn, kó má lọ ṣì mí mú. Má sọ fún un títí ẹ̀rọ á fi mú un. Mo ti ní kí Àyáàdì má kun àyè náà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìyàwó rẹ sọ̀ láyọ̀. Kí àwọn ará ilé rẹ máa dá ọ lóhùn. Kí ohun tí wọ́n bá kọ nípa rẹ jẹ́ ohun tí o ṣe.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hasabálà, tí kò tíì lọ.