Ìpàdé Ìdílé Tí Wọn Ò Pe Bàbá Sí

Tàófíìk ọmọ mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí o fi ń jẹun kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ara ìyá rẹ Mùnírátù le, ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ dúdú sì bí méjì. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀, inú ló ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Rédíò la ti gbọ́ pé ìwọ àti kóòṣì yín jà, pé wọ́n ti ní kí o má bá wọn gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ná. Rebecca, agbẹnusọ kílọ́ọ̀bù yín, wá sọ fún aráyé pé ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo yín, inú ilé lẹ ó ti parí ẹ̀, pé ìpàdé á wà ní gbọ̀ngàn yín lọ́jọ́ Tọ́sìdeè láago méjìlá. Mo ní kò burú. Àbí ta ló ń parí ìjà ìdílé láìsí bàbá ọmọ níbẹ̀? Mo retí kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọn ò ránṣẹ́, mo ní bóyá wọn ò mọ ilé wa ní Igangan ni. Mo wọ agbádá Iléyá mi, mo di iṣu mẹ́fà àti obì tí a ó fi parí ìjà, mo wọkọ̀ lọ Abẹ́òkúta, mo tibẹ̀ wọ ti Èkó.

Ẹni tó wà lẹ́nu géètì bi mí níbi tí mo ti wá, ó kọ Igangan sílẹ̀, ó fi irú káàdì tó fún àwọn oníròyìn kọ́ èmi náà lọ́rùn. Mo ní wọ́n mọ àlejò í ṣe. Àfi ìgbà tí mo wọlé. Wọ́n ti kọ orúkọ mọ̀lẹ́bí kóòṣì, àwọn oníbáńkì àti ẹlẹ́rìndòdò, kún ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá orúkọ tiwa títí, n kò rí i. Makirofóònù mẹ́sàn-án ni wọ́n tò síwájú òun nìkan, wọn ò gbé ẹyọ kan síwájú tèmi. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà. Ìwọ tí wọ́n sì torí ẹ̀ jókòó, o ò sí níbẹ̀!

Kóòṣì ní aláìgbọràn ni ọ́, pé o kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù. Rebecca bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo bá ọ bẹ̀bẹ̀ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ bẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà mo sọ tiwa. Mo ní orúnkún Tàófíìk wú bí igbá nígbà tó wálé Iléyá, ìyá ẹ̀ ló ń fi omi gbígbóná jó o, ó sì ti sọ fún kóòṣì, kóòṣì ní kó gbá a bẹ́ẹ̀. Kíá, gbogbo kámẹ́rà kọjú sí mi. Rebecca ní ìpàdé ti parí. Ẹnikẹ́ni ò pa obì. Wọ́n bọ́ káàdì lọ́rùn mi, wọ́n sì tì mí síta tiṣutiṣu.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Lánàá, Tíṣà Bámiṣẹ́ aládùúgbò wa ka ìwé kan fún mi lórí fóònù rẹ̀, orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. O ní o tọrọ àforíjì, pé kò sóhun tó ṣe orúnkún rẹ, pé bàbá rẹ ti darúgbó, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà. Ìyá rẹ wọlé lọ, ó ń sunkún.

Ṣé ìwọ lo kọ ọ́? Èmi tí mo ṣì ń kọ igba ebè kí oòrùn tó mú? Bó bá jẹ́ Rebecca ló kọ ọ́ tó fi sí ọ lẹ́nu, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ ni, Tàófíìk, o ṣẹ̀ mí, o sì ṣẹ orúnkún ara rẹ.

Má fi èsì sórí fóònù, wọ́n lè bá ọ kọ ọ́. Mú bírò, fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, fún awakọ̀ kó mú un wá. Fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà owó ọkọ̀ sínú ẹ̀, mo fẹ́ wá mú ọ lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ rẹ sàn, á gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ìkà, o ò ní fi ọ̀pá rìn láìdàgbà, àmín. Bí o ò bá ráyè kọ púpọ̀, kọ ìlà kan ṣoṣo, kí n lè kà á fún ìyá rẹ: kọ ọ́ pé bàbá mi mọ ohun tó ń sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlámì.