Àfòpiná Tí Kò Dúró De Fìtílà

                                        Ilé Onídìrí,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Oníbúrẹ́dì,
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà nílé? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Àwọn Ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ wẹ̀? Àwa náà wà níbí, a ò ráhùn. Oníbàárà tí mo dirí fún dé ìdajì ló sùn lọ níwájú mi, ni mo fi ráyè kọ̀wé sí ọ.

Ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mọ́tò wọn ti dojú dé tí ẹsẹ̀ wọn sì kán, wọn ò jáde mọ́. Dókítà ní egungun ti jinná, kí wọ́n máa rìn. Bọ̀ọ̀dá ní kí gbogbo wa fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ kiri ayé wá di ará ojú fèrèsé. Ọkàn mi bàjẹ́, àmọ́ mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kòkòrò kan bà sórí òdòdó etí fèrèsé. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ní àmì pupa, ara rẹ̀ ń dán bíi sátínì. Bọ̀ọ̀dá fi fóònù yà á. Télọ̀ tá a jọ wà nínú ọgbà ní, "Ta ni ò mọ labalábá?" Bọ̀ọ̀dá ní bó ṣe ń fò kò jọ ti labalábá. Àríyànjiyàn náà le débi pé télọ̀ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ kan, obìnrin tó ń kọ́ni nípa kòkòrò.

Olùkọ́ náà ní òun ò lè sọ, orí kòkòrò náà ò hàn nínú àwòrán. Ó ní kí wọ́n wo ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí rẹ̀: bí ṣóńṣó rẹ̀ bá ní kókó bí orí igi ìṣáná, labalábá ni, bó bá rí bí ìyẹ́ adìyẹ, àfòpiná ni. Ẹnu yà mí. Àfòpiná lọ́sàn-án gangan! Iná wo ló fẹ́ pa? Ó ní wọ́n pọ̀ tó ń fò nínú oòrùn.

Kòkòrò náà ò padà wá. Inú pápá ẹ̀yìn ilé là ń rí irú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ kò, kò, kò ọ̀pá. Mo ju òòyà sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ibo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ wo ìwo rẹ̀. Má dì mí mú o."

Mo ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn bí ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Wọ́n ṣubú sínú koríko. Mo fẹ́ gbé wọn, wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n dúró jẹ́ẹ́: ọ̀kánkán imú wọn gan-an ni ọ̀kan bà sí! Orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti yà á.

Èsì dé nírọ̀lẹ́: àfòpiná ni. Irú èyí tó jẹ́ ni olùkọ́ ò tíì mọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ya abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Télọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, èmi náà bá wọn sunkún. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n, mi ò ní parọ́ fún ọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn nìkan ló ń dá lọ sí pápá báyìí.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kó o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bọ̀ọ̀dá ń kí ọ. Wọ́n ní tó o bá ń bọ̀, kó o bá àwọn ra bàtà tí ìrì kì í wọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n sọ pé kó fẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó kán. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kó le nísàlẹ̀, ọ̀nà jìn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tọkàntọkàn,
Adúmáadán