Igi Tí Ebi Tọ́ Dàgbà

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gbẹ́ni Páálí tún wá. Grant lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í wá láìgbé páálí òfìfo dání. Wọ́n ti ta ilé yìí. Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, Dorrie, ìyá rẹ̀ tí mo háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, ń lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, èmi náà á wá yàrá mìíràn. Ìkòkò òdòdó kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kó gbé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Ti Merv ni."

Merv ni ọkọ rẹ̀. Bánkísíà kékeré kan, igi ìbílẹ̀ ibí, ló fi kóró gbìn kó tó kú. Igi náà kò ga ju orúnkún mi lọ, ewé rẹ̀ ní eyín bí ayùn. Ní àràárọ̀ Dorrie á gbé tíì jókòó tì í, á máa ròyìn ojú ọjọ́ fún un. Mo ń gbọ́ láti ojú fèrèsé. N kì í jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Ilẹ̀ Perth yìí — iyanrìn tó rí bí eérú. Ní Taveuni, erékùṣù tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Kókò tí Bubu, ìyá ìyá mi, ń gbìn tóbi ju orí ọmọ lọ. Bubu ní ilẹ̀ tí kò bá lè kun ọwọ́ kò lè bọ́ ẹnu.

Mo yọjú wo inú ìkòkò Merv. Iyanrìn àti èèpo igi. Àánú igi náà ṣe mí.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Mi ò gbọ́ ohùn ara mi lónìí.

Ọjọ́rú, 9

Dorrie kan ilẹ̀kùn mi. "Kel" — Kelera ni mí, wọn kì í pe orúkọ tán níbí — "Kel, ṣé ìwọ lò ń sunkún, àbí fíríìjì mi ló ń dún báyẹn?"

Mo ní fíríìjì ni.

Ó ní, "Ó ti yé mi. Àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ fíríìjì náà." Ó gé kéèkì fún mi, ó lọ.

Láti ìgbà tí mo ti dé, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ohun tí kò jẹ mọ́ ìwé ìrìnnà mi. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan fún un. Nǹkan tí kò ní gba ọ̀rọ̀ sísọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Dorrie wà nílé Grant títí di ọ̀la. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ológbà. Àpò ilẹ̀ tò títí kan àjà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ya òdòdó ìbílẹ̀ sí lára. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò — iyanrìn àti èèpo igi, ó sì wọ́n ju gbogbo ìyókù lọ. Ta ló ń fowó ra iyanrìn?

Obìnrin tó ń tajà bi mí pé, "Kí lo fẹ́ gbìn, ọmọ dáadáa?"

Bánkísíà wà lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn mi. Mo ronú bí yóò ṣe jáde lẹ́nu mi, bí obìnrin náà yóò ṣe ní kí n tún un sọ.

Mo ní, "Tòmátò."

Ó gbé àpò tó dára jù fún tòmátò fún mi. Ilẹ̀dú gidi, ìgbẹ́ adìyẹ wà nínú rẹ̀. Òórùn ilé wa. Mo gbé e mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni gbọ́mọ.

Mo gbọn gbogbo iyanrìn kúrò nídìí igi náà. Mo tẹ́ ilẹ̀ dúdú fún un. Mo bomi rin ín.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Ojú Dorrie ti ń di bàìbàì. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. "Aṣọ tuntun lèyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè jù ú sílẹ̀.

Inú mi dùn. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Etí ewé rẹ̀ ń pọ́n. Bóyá ebi ni. Mo tún bu ilẹ̀dú kún un.

Ọjọ́ Ajé, 28

Ní kíláàsì. Pavlich, olùkọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, gbé bánkísíà sórí tábìlì. Ó ní ilẹ̀ tó tòṣì ló tọ́ àwọn igi wọ̀nyí dàgbà, gbòǹgbò wọn sì dà bí ọmọ tí ebi ti ń pa láti kékeré: ohun tó bá rí ni yóò gbé mì. "Ẹ gbé àsè síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ títí á fi kú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ó ní, "Májèlé."

Mi ò dúró kó parí. Mo lọ ra àpò iyanrìn tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fọ gbòǹgbò náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ń já sí mi lọ́wọ́ bí òwú tútù.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Ewé kan ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ó ti kú. Mi ò tíì sọ fún Dorrie. Lárọ̀ yìí ó ṣì jókòó tì í, ó ní kó múra, atẹ́gùn òkun máa fẹ́ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Wọ́n kó páálí ìkẹyìn.

"Mọ́mì, igi yìí ti kú."

"Gbé ìkòkò yẹn, Grant."

"Igi gbígbẹ ni, Mọ́mì."

"Ìwọ náà ti ń gbẹ, mo ṣì ń bá ẹ rìn káàkiri."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ti lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejìlá

Mo lọ bá Dorrie nílé ìtọ́jú. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tíì rẹ̀, igi gbígbẹ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ilẹ̀dú. Ìgbẹ́ adìyẹ. Mo sọ ti tòmátò pàápàá.

Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí ewé ti kọ́kọ́ gbẹ. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Merv ṣe pa èyí tá a kọ́kọ́ ní. Ìgbẹ́ adìyẹ náà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀."

Ó fi ìka tún iyanrìn inú ìkòkò náà tẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Kel. Láti ìgbà tí Merv ti kú ni mo ti ń wá bí mo ṣe lè gbà á padà."

Ó fẹsẹ̀ ti àga kejì sí mi. "Jókòó. Ìwọ ni kó o sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún un lónìí."

Mo jókòó. Mo wo igi náà.

"Ooru mú," ni mo wí.