Ẹranko Tí A Kò Ní Rí

Sátidé, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Rọ́fíà ọmọ mi fẹ́ kí n bá òun lọ sínú igbó tí páńdà, ẹranko ńlá aláwọ̀ dúdú àti funfun, ń gbé ní Ṣáínà. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.

Mo ní, "Ṣé a máa rí i dájú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Mọ́mì. Wọn ò pọ̀ mọ́. Ìgbẹ́ wọn la máa bá àwọn tó ń dáàbò bò wọ́n kà, kí wọ́n lè mọ iye tó kù. Tá a bá sún mọ́ wọn, wọ́n á sá."

"Ká náwó tó báyìí nítorí ìgbẹ́?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà!"

Kò yé mi. Ọdẹ ni bàbá mi, kò sí ẹtu tí kò rí nínú igbó wa. Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún tó kọjá, mo bèèrè ẹtu, wọ́n ní ó ti di ìtàn.

Ọ̀la ni Rọ́fíà fẹ́ gbọ́ èsì. Mo ka ọjọ́ ìsinmi tó kù fún mi níbi iṣẹ́. Méjìlá ni.