Fóòmù tí Màmá Yàn

Bàbá Ìbejì, ẹ rọra ṣílẹ̀kùn yàrá wa yìí o, màmá yín ń sùn níbẹ̀.

Ẹ ní fóòmù onísípíríìnì ló ń tọ́jọ́, pé onírọ́bà ò ní pẹ́ tẹ̀. Mi ò bá yín jiyàn. Mo mú màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo ní kí wọ́n dán méjèèjì wò. Lórí onísípíríìnì, ṣe ni wọ́n ń di ìbàdí mú. Lórí onírọ́bà, wọ́n hanrun títí olùtajà fi wá bi mí bóyá kò sí nǹkan. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ní, "Ọmọ mi ò mọ fóòmù." Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

A ra onírọ́bà, a gbé e délé sí yàrá wa, wọ́n tún bọ́ sórí ẹ̀.

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Onísípíríìnì yín àtijọ́ wà ní pálọ̀, ibẹ̀ lẹ máa sùn. Ẹ ṣáà ní ó ń tọ́jọ́.