Ojú Bàbá Yín Lára Bébà Ọṣẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ilé iṣẹ́ yín tí ẹ ti ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára páálí ọjà? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ tó o fi ń yàwòrán gbọ̀n. Bó o bá bèèrè ilé, ilé wà níbi tó o fi í sí, àbúrò bàbá yín ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ ti bí ìbejì. Èmi nìkan ni ara mi ò yá, kì í sì í ṣe ibà.

Ọ̀rọ̀ bébà tó o ní kí n máa fi wé ọṣẹ tí mò ń sè ni. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ já páálí bébà tó o fi ránṣẹ́ sílẹ̀, tí mo tú u, tí mo rí bàbá yín tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lára gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, mi ò rí ẹ̀rín yẹn mọ́. O ní kò sẹ́ni tó ń wo bébà ìròyìn àtijọ́ tí mo fi ń wé e tẹ́lẹ̀, pé ọjà gbọ́dọ̀ fa ojú ẹni tó ń kọjá mọ́ra kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó fà á lóòótọ́ o, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní ọṣẹ mi kì í pẹ́ lórí kántà mọ́. Ó fa ojú tèmi náà, torí láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí bàbá yín lára bébà kọ̀ọ̀kan kí n tó wé e, ọ̀sán á ti pọ́n kí n tó ṣe tán.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan ò yé mi. Kí ni bàbá yín ṣe tó o fi fa ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ àgbọ̀n wọn bí irin ọgbà ẹ̀wọ̀n? Ẹni tí ò jí abẹ́rẹ́ rí! O tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bàjẹ́. Ọmọ mi, wọ́n ti kú, kí ló tún kù tó fẹ́ bàjẹ́? Ibi tó o ti ní ká tọ́jú wọn síbi tó tutù tí omi ò dé ló wá gún mi lọ́kàn jù, torí o mọ̀ pé omi òjò máa ń dúró sórí sàréè wọn lẹ́yìnkùlé. Mo ní ọmọ yìí ń fọgbọ́n bá mi wí ni. Mo ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, mo fi bo sàréè. Ilé ìdáná ló wá ń jò báyìí, àmọ́ bàbá yín gbẹ.

Àfi bí mo ṣe ń ti ọjà bọ̀ lọ́jọ́ kan, tí mo rí bàbá yín nínú gọ́tà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn, ẹrọ̀fọ̀ ti dé imú. Mo figbe ta. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo tún bá wọn lábẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Ìyàwó télọ̀ ní kí n má sunkún, pé téèyàn bá ti yọ ọṣẹ, bébà ti di pàǹtí nìyẹn. Pàǹtí! Ọkọ mi! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sin wọ́n, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń bá òkú wọn lójú títì. Mò ń ṣà wọ́n, mò ń fọ̀ wọ́n, mò ń sá wọn sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ mi. Àbúrò bàbá yín ní orí mi ti ń dà rú, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè se ọṣẹ mọ́, torí mo mọ ibi tí ojú wọn máa já sí.

Mi ò bá ọ jà o, inú rere lo fi ṣe é. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù, torí mo ní kó dá ọkọ mi padà, ó ní ọjà lòun rà. Fi owó páànù kún un. Tó bá sì di dandan kí ojú èèyàn wà lára ọṣẹ náà, èmi rèé. Mo ti lọ ya fọ́tò, ó wà nínú lẹ́tà yìí. Bá mi fi ẹ̀rín sí i, torí mi ò rí ẹ̀rín kankan rín níwájú onífọ́tò. Tí wọ́n bá sọ èmi sí gọ́tà, mo ṣì lẹ́sẹ̀, màá dìde fúnra mi.

Ojú rẹ ò ní wọ ẹrọ̀fọ̀ láéláé, ọmọ mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ń ṣa bàbá yín kiri.