Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí I?

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹwàá 2025

Wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé. Bí ènìyàn bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn fún ọgbọ̀n ọdún, tó sì fẹ̀yìn tì, gbogbo Ifangni gbà pé ọwọ́ ń yún un láti kọ ìròyìn ìpàdé. Orúkọ ẹgbẹ́: Ìgbìmọ̀ Ifangni fún Fífi Òpin sí Ìdájọ́ Ikú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ náà gùn ju ẹgbẹ́ lọ — àwa márùn-ún ni. Orílẹ̀-èdè Benin wa ti fòpin sí tirẹ̀. Àwọn ará Cotonou tó rán wa níṣẹ́ ní ó ku àwọn aládùúgbò, pàápàá Nàìjíríà, tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ààrẹ wa ni Sosthène, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Nínú ìwé yìí, Olóǹtẹ̀ ni. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló ní, bébà kankan kì í sì í kọjá níwájú rẹ̀ kó má fọwọ́ sí i. Lónìí ó fọwọ́ sí risíìtì omi inú ọ̀rá tí a mu.

Ẹtì, 3

Mo lọ bá Falilatou. Epo kpayo, bẹntiróò inú ìgò tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà, ló ń tà, lójú ọ̀nà Ìgòlò, ní ọ̀kánkán gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́. Àbúrò rẹ̀, Àkànní, wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà. Wọ́n ti dá ikú fún un. Ó fi alùpùpù gbé àwọn adigunjalè. Ó ní èrò lásán lòun rò pé òun gbé. Adájọ́ ò gbà.

Olóǹtẹ̀ fẹ́ kí Falilatou sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, ọjọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ kó sunkún díẹ̀.

Falilatou ní: "Prof, ṣé ẹkún ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n?"

Ó bi mí ìdí tí wọn ò fi tíì so Àkànní kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ṣàlàyé: gómìnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́. Wọn ò ní tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, wọn ò sì ní pa á. Wọ́n á ti bébà náà sábẹ́ bébà mìíràn.

Ó ní: "Donc, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí gómìnà náà rí bíìkì tí yóò fi kọ̀wé."

Àìkú, 5

Thérèse, ọ̀gá wa ní Cotonou, pè. Ó fẹ́ àwòrán tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀. Kò bèèrè ohun mìíràn.

Ìṣẹ́gun, 7

Ìpàdé ní abúlé Banigbé. Olóǹtẹ̀ sọ̀rọ̀ títí àwọn adìyẹ fi wọlé sùn. Baba Oyèwùmí, àgbẹ̀, dìde: "A gbọ́ o. Ìjọba ò pa èèyàn mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwa la ń bá wọn ṣe é?"

Ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tí kò rántí olè ewúrẹ́ tí wọ́n fi táyà sun lọ́dún tó kọjá. Olóǹtẹ̀ ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 9

Àwọn tíṣáàtì dé. Òmìrán ni wọ́n rán an fún. Lára àyà: JẸ́ KÓ YÈ. Àwọn onízémì, ọlọ́kadà wa níbí, gba gbogbo rẹ̀ tán kí á tó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún wọn. Mathias, tó ga jù nínú wọn, bèèrè bóyá fìlà náà ń bọ̀.

Ẹtì, 10

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìwé ọ̀rọ̀ Olóǹtẹ̀ nípọn bí ìwé orin. Kò tíì kà á dé ìdajì nínú gbọ̀ngàn nígbà tí igbe "Olè!" ta níta. Ẹnì kan ti gun alùpùpù Olóǹtẹ̀ fúnra rẹ̀. Olóǹtẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ òun.

"Tèmi ni! Ẹ mú un! Ẹ pa á! Ẹ pa olè náà!"

Ojú ọ̀nà ni a kọjú àwọn agbóhùnjáde sí. Gbogbo ìlú gbọ́.

JẸ́ KÓ YÈ tú jáde bí eéṣú. Wọ́n mú ọkùnrin náà kó tó dé oríta. Ó tín-ín-rín, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Wọ́n wọ́ ọ padà wá síwájú gbọ̀ngàn. Táyà ti wà nílẹ̀. N kò mọ ibi tí táyà yẹn ti máa ń wá. Bí tèèyàn bá bẹ́, ó lè wá òmíràn fún oṣù kan.

Mathias sáré lọ síbi epo Falilatou, ó gbé ìgò kan. Falilatou ti jáde ní gbọ̀ngàn. Ó di ọrùn ìgò náà mú.

"Ta ló ń rà á?"

"Tantine, ẹ gbé e wá, kò sáyè!"

"Mo ní ta ló ń rà á? Gbogbo yín ò lè rà á. Ẹnì kan ni kó rà á, kó fọwọ́ sí i pé òun ló sun ún." Ó yíjú sí mi. "Prof, bíìkì yín."

Mo fún un. Ó ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ọjọ́ náà: Èmi lágbájá ni mo ní kí wọ́n dáná sun ọkùnrin yìí. Ó nà án sí Mathias. Mathias ní alùpùpù náà kì í ṣe tòun.

"Ti ta wá ni?"

Gbogbo ojú yí sí Olóǹtẹ̀.

"Président, ẹ̀yin lẹ pàṣẹ. A gbọ́ yín. Ẹ fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ yín dà?"

Ọkùnrin tó fọwọ́ sí risíìtì omi wo bíìkì náà bí ẹni tó rí ejò nínú bàtà. "Bon," ó ní. "Bon. Ẹ jẹ́ ká... ká pe àwọn ọlọ́pàá."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ràn. Wọ́n ṣì gbá ọkùnrin náà létí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan — kí n má parọ́ — ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gun ọkọ̀ ọlọ́pàá. Falilatou dá ìgò padà sáàyè rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Kò sẹ́ni tó rántí láti pè é.

Àbámẹ́ta, 11

Ìròyìn Olóǹtẹ̀ sí Cotonou: "Ìgbìmọ̀ wa gba ẹ̀mí kan là ní gbangba." Ó fi òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lù ú. Thérèse bèèrè bóyá àwòrán wà.

Ọjọ́rú, 15

Falilatou dé láti ọ̀dọ̀ Àkànní. Ó sọ ìtàn náà fún un. Àkànní rẹ́rìn-ín títí wọ́dà fi jágbe mọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ló bi mí: wọ́n máa dìbò gómìnà lọ́hùn-ún láìpẹ́. "Prof, ẹni tó ń bọ̀ yẹn, ṣé ó fẹ́ràn kó máa fọwọ́ sí nǹkan?"

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni.

N kò sọ ìyókù fún un: níwájú gbọ̀ngàn, gbogbo wa là ń wo ojú Olóǹtẹ̀. Nínú ọ́fíìsì gómìnà, kò sẹ́ni tí yóò wo ojú tirẹ̀ nígbà tó bá mú bíìkì.